Ìjánu Kì í Daṣẹ́ Sílẹ̀

Gbólóhùn kan wà tí àwa ará Èkó fẹ́ràn púpọ̀, òun ni a sì fi ń sin òkú wa. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ya kúrò lójú títì tí ó wọ inú ọjà lọ, bí dáńfó bá fi orí gbá ọkọ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀ tí àwọn èrò sì ṣèṣe, ohun tí awakọ̀ yóò wí, tí ọlọ́pàá yóò kọ sínú ìwé rẹ̀, tí ìwé ìròyìn yóò sì tẹ̀ jáde lọ́jọ́ kejì kò ju ẹyọ kan lọ: ìjánu ọkọ̀ náà ni ó daṣẹ́ sílẹ̀. A ó mi orí, a ó pòṣé, a ó ní kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ hàn wá mọ́, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò béèrè pé ta ni ó gba ìjánu náà síṣẹ́, ta ni ó ń tọ́jú rẹ̀, ọjọ́ wo ni ẹnì kan sì bẹ̀rẹ̀ wò ó gbẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ èdè yìí wò. Òṣìṣẹ́ ni í daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn olùkọ́ yunifásítì a máa daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn dókítà a máa daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn tí ń fi ọkọ̀ gbé epo pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn wọ̀nyí a máa kọ ìwé ìkìlọ̀ sí ìjọba, wọn a fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá tàbí ọjọ́ mọ́kànlélógún, wọn a tún sún un síwájú kí wọ́n tó jókòó sílé. Bí ìjánu ọkọ̀ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ lóòótọ́, a jẹ́ pé kò sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Nàìjíríà tí ó ní sùúrù tó o. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà lára ọ̀pọ̀ páàdì tí a ń tà lóde òní. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí àwọn tí ó ṣe é rán an ni pé kí ó máa han etí awakọ̀ bí páàdì bá ti fẹ́ jẹ tán. Bí a kò bá gbọ́ tirẹ̀, ẹsẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rì wọlẹ̀ bí a bá tẹ ìjánu. Bí a kò bá ka ìyẹn sí, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ yóò máa gbọ̀n, iná pupa yóò sì tàn níwájú awakọ̀. Níkẹyìn, irin yóò máa ha irin, a ó sì máa gbọ́ ọ láti Akówónjọ dé Ṣàṣá. Ìkìlọ̀ wo ni ó tún kù? Ohun tí a ń pè ní ìdaṣẹ́sílẹ̀ ìjánu, àìgbọràn tiwa ni.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà, ìjánu, pe ohun tí ń dá ọkọ̀ dúró gbọ́n ju àwa tí a ń lò ó lónìí lọ. Ẹnu ẹṣin ni ó ti yá a. Ọ̀yọ́ tí ó fi ẹṣin jagun dé ilẹ̀ Dàhómì ní 1726 mọ̀ pé eré ẹṣin kò ní iyì kankan bí kò bá sí ohun tí yóò kó o dúró, ọwọ́ ẹni tí ó gun ẹṣin ni ohun náà sì wà. Ẹlẹ́ṣin tí ó jẹ́ kí awọ ìjánu rẹ̀ rà, tí ó sì já mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ogun, kò lè di ẹ̀bi náà ru awọ. Láti ara ìjánu yìí kan náà ni a ti ṣẹ̀dá ìkóra-ẹni-níjàánu, ìwà tí a kò lè yọ kúrò nínú ọmọlúàbí. Nínú èdè wa, nígbà náà, ọ̀rọ̀ ìwà ni ọ̀rọ̀ ìjánu kí ó tó di ọ̀rọ̀ irin. Àwa ni a wá yí i padà, tí a sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àyànmọ́.

Ẹ̀gbẹ́dá ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe pé Ẹ̀gbẹ́dá burú ju ibòmíràn lọ, bí kò ṣe pé ibẹ̀ ni ojú ti lè rí ọ̀rọ̀ náà kedere. Ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ tí Ẹ̀gbẹ́dá wà nínú rẹ̀ ni ó ní èrò jù lọ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn tí ó lé ní 1,200,000 níbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ń jiyàn pé wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ojú títì díẹ̀ kan náà ni gbogbo èrò yìí ń gbà lọ síbi iṣẹ́: láti Ìkòtún gba Ìdímù wá sí Ẹ̀gbẹ́dá, láti Ẹ̀gbẹ́dá gba Akówónjọ lọ sí Dọ́pẹ̀mú, tàbí kí wọ́n yà sí Ìyànà-Ìpájà lọ bọ́ sí ọ̀nà Abẹ́òkúta. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni láti àárọ̀ dé alẹ́. Ọkọ̀ yóò rìn ìwọ̀n ilé mẹ́ta, yóò dúró. Kèké Màrúwá yóò ya wọlé láìwẹ̀yìn, ọlọ́kadà yóò gba àárín ọkọ̀ méjì kọjá bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ ranṣọ, ìyá tí ó ru igbá tòmátì yóò na ọwọ́ sí ọ pé kí o dúró, yóò sì sọdá láìwo ojú rẹ, nítorí ó gbà pé o lè dúró. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí ìgbẹ́kẹ̀lé tí ìyá yẹn ní. Kò mọ̀ ọ́ rí, kò mọ mẹkáníìkì rẹ, kò béèrè ọdún tí o pààrọ̀ páàdì. Ó kàn fi ẹ̀mí rẹ̀ lé ẹsẹ̀ rẹ lọ́wọ́.

Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò béèrè eré lọ́wọ́ ọkọ̀. Ìdúró ni ó ń béèrè. Kí ni ìjánu sì ń ṣe gan-an? Ó ń sọ eré di ooru ni. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, ọ́ìlì inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yóò ti páàdì méjì mọ́ àwo irin tí ń bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní dísíìkì. Bí páàdì ti ń fi ara ra àwo yìí ni eré ń di ooru, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé ooru náà lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro, ṣùgbọ́n ó ń dẹ́rù bani: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru tí ìjánu gbọdọ̀ gbà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ọkọ̀ tí ń sá eré 80 kìlómítà ní wákàtí kan gbé ìlọ́po mẹ́rin iṣẹ́ tí ẹni tí ń sá 40 gbé ka ìjánu rẹ̀ lórí. Nítorí náà, ẹni tí ó ń rọra fà ní Ẹ̀gbẹ́dá lówùúrọ̀ pẹ̀lú páàdì tí ó ti tán lè máa rò pé kò sí nǹkan. Ìgbà tí ó bá gun afárá Abúlé-Ẹ̀gbá tí wọ́n ṣí ní 2017, tí ọ̀nà là níwájú rẹ̀, tí ó sì ń fi eré sọ̀kalẹ̀ lọ bá ọkọ̀ tí ó dúró nísàlẹ̀, ìgbà náà ni gbèsè ọ̀sẹ̀ púpọ̀ yóò pé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Yóò sì bọ́ sílẹ̀, bí ó bá lè bọ́ sílẹ̀, yóò ní ìjánu ni.

Ẹ wá bá mi dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ìjíròrò tí ènìyàn ń gbọ́ lábẹ́ igi àti ní ẹ̀gbẹ́ títì ní agbègbè yìí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí:

“Ọ̀gá, ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ iwájú yìí. Ó ń han.”

“Ẹ má da ara yín láàmú, Alhájà. Páàdì yẹn ṣì máa gbé yín dé ọdún Iléyá. Mo kàn máa bá yín fi sáńpépà ha ojú rẹ̀ ni.”

“Ṣé kò léwu ṣá?”

“Ewu kò sí, Mọ̀mí. Àdúrà yín ń ṣiṣẹ́.”

Alhájà yóò sì san owó sáńpépà, yóò fún ọmọṣẹ́ ní ohun tí yóò fi mu omi, yóò wa ọkọ̀ lọ. Sáńpépà yóò pa ariwo náà fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ kò rí i bí? Ariwo ni a tọ́jú, a kò tọ́jú ìjánu. Ẹni tí ó ń kìlọ̀ fún wa ni a ki aṣọ bọ̀ lẹ́nu.

Irú ọgbọ́n báyìí pọ̀ lọ́wọ́ wa, a sì ń pè é ní ìmọ̀ọ́ṣe. Bí ojú dísíìkì bá ti di gbágungbàgun, a ó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ láti bó o kí ó lè dán, láìwo nọ́ńbà tí ẹni tí ó rọ ọ́ tẹ̀ sí i lára pé bí ó bá ti fẹ́lẹ́ dé ìwọ̀n báyìí, ẹ jù ú nù. Àwo tí ó ti fẹ́lẹ́ kò lè gba ooru púpọ̀ mọ́. Yóò gbóná kíákíá, yóò ká, bí ó bá sì burú jù, yóò sán. Bí ọ́ìlì bá ń jò ní ẹsẹ̀ kan, àwọn kan kì í wá ibi tí ó ti ń jò. Wọ́n á dí ọ̀pá ẹsẹ̀ náà pa, ẹsẹ̀ mẹ́ta tí ó kù yóò sì máa dá ọkọ̀ dúró, bí ọkọ̀ náà ti ń yà sí apá kan. Èmi kò tilẹ̀ fẹ́ sọ ti àwọn dáńfó tí wọ́n ń da omi ọṣẹ sí nígbà tí ọ́ìlì bá tán. Omi a máa hó ní 100 sẹ́ńtígíréèdì. Ọ́ìlì ìjánu tí a ń pè ní DOT 3 kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé 205 nígbà tí ó jẹ́ tuntun, DOT 4 kò sì gbọdọ̀ hó kí ó tó dé 230. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì yìí a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra díẹ̀díẹ̀, bí ó bá sì ti fa ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀ fún àyẹ̀wò, 140 ni a ń retí lọ́wọ́ DOT 3, 155 lọ́wọ́ DOT 4. Nílùú tí òjò ń rọ̀ bí ti Èkó, tí ọkọ̀ sì ń wọ́ nínú omi, ta ni ó ń pààrọ̀ ọ́ìlì ìjánu ní ọdún méjìméjì? Bí ọ́ìlì bá hó nínú ọ̀pá, ó di òfúùfù, òfúùfù a sì máa fún pọ̀. Ẹsẹ̀ yóò tẹ ìjánu títí kan ilẹ̀, kò ní sí ohun tí yóò ti páàdì. Páàdì lè jẹ́ tuntun lọ́jọ́ náà o.

Títí dé ìhín, àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n mọ ọkọ̀ tì yóò ti máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà tí kò mọ nǹkan nípa ọkọ̀ ni mo ń sọ, àti pé àwọn ti ṣe àtúnṣe sí ìjánu tiwọn. Mo ti rí àtúnṣe náà. Wọ́n á kun kálípà ní pupa, wọ́n á ra dísíìkì tí a dá ihò sí lára káàkiri bí asẹ́, wọ́n á fi ríìmù ńlá tí ó ṣí sílẹ̀ bò ó kí gbogbo ayé lè rí i láti ìta. Ẹ béèrè páàdì tí ó wà láàrin kálípà pupa àti dísíìkì oníhò yìí: Bẹ́líjíọ̀mù ni, bí a ti ń pe ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí wọ́n tú lára ọkọ̀ àlòkù òkè òkun. Ẹ béèrè táyà: tòkunbọ̀ ni, ojú rẹ̀ sì ti ń dán. Àgbádá tí a wọ̀ sórí ṣòkòtò tí ó ya nídìí ni èyí.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ihò yìí, nítorí ìtàn wọn dùn. Ìgbà tí páàdì àtijọ́ bá gbóná janjan lórí pápá eré ìje, gáàsì a máa jáde lára oje tí a fi lẹ̀ ẹ́, gáàsì yìí a sì máa dá páàdì sí kí ó má lè di àwo mú dáadáa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá ihò sí àwo, kí gáàsì lè rí ibi jáde. Páàdì ojú títì òde òní kì í tú irú gáàsì bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n tí yóò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láàrin Ìdímù àti Ẹ̀gbẹ́dá. Ohun tí ihò náà ń ṣe fún awakọ̀ ojú títì ni pé ó dín irin tí yóò gba ooru kù, bí àwo náà bá sì jẹ́ gbàrọgùdù, ẹnu ihò ni yóò ti kọ́kọ́ sán. Ẹni tí ó fẹ́ àwo tí ó dára fún ọkọ̀ ara rẹ̀, kí ó ra èyí tí ojú rẹ̀ dán gbọ́ọ́, tí ó ní àlàfo afẹ́fẹ́ láàrin ojú méjèèjì bí ti ọkọ̀ rẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì bá ti àkọ́kọ́ mu. Kò ní dùn ún wò láti ìta.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwo ńlá àti páàdì eré ìje. Àwọn kan gbà pé bí àwo bá ti tóbi sí i ni ọkọ̀ yóò ti yára dúró sí i. Ẹ dákun, kí ni ó fọwọ́ kan ilẹ̀ nínú gbogbo ara ọkọ̀? Táyà nìkan ni. Bí ìjánu tí ọkọ̀ bá wá láti ilé iṣẹ́ bá ti lágbára débi tí ó lè mú táyà dúró gbagidi lórí ọ̀dà, agbára tí a bá fi kún un kò lè dá ọkọ̀ dúró níbi tí ó súnmọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí àwo ńlá ń ṣe ni pé ó ń gba ooru púpọ̀ léraléra kí agbára ìjánu tó rẹ̀. Ìyẹn wúlò fún ẹni tí ń sáré ìje, ó sì wúlò fún ẹni tí ń gbé ẹrù wúwo sọ̀kalẹ̀ òkè. Ti páàdì eré ìje tilẹ̀ burú jù: kò ní di àwo mú dáadáa àfi bí ó bá ti gbóná, bẹ́ẹ̀ sì ni kò lè gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọmọ tí ó fi owó ńlá ra á yóò tẹ ìjánu lówùúrọ̀ kùtù níwájú ọmọ ilé-ìwé, ìjánu kò sì ní dá a lóhùn bí páàdì gidi tí kò gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni àtúnṣe tòótọ́, nígbà náà? Táyà tí ó ní ojú. Páàdì tuntun tí a mọ ibi tí ó ti wá, kí a pààrọ̀ ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ́ìlì tuntun. Kí a fi gíríìsì tí ó yẹ kun ọ̀pá tí kálípà fi ń sún síwá sẹ́yìn, kí ó má baà há, nítorí kálípà tí ó há ni ó ń jẹ páàdì kan tán tí èkejì rẹ̀ ṣì nípọn. Lẹ́yìn náà, kí a lọ síbi tí ọ̀nà gbé ṣófo, kí a tẹ páàdì tuntun náà bí ìgbà mẹ́wàá láti orí eré díẹ̀ láìjẹ́ kí ọkọ̀ dúró pátápátá, kí a sì jẹ́ kí ó tutù, kí ojú páàdì àti ojú àwo lè mọ ara wọn. Mélòó nínú àwọn mẹkáníìkì wa ni ó ń ṣe èyí tí ó kẹ́yìn yìí? Wọ́n á so ó, wọ́n á ní ó ti parí, oníbàárà yóò sì wọ ààrin èrò lọ pẹ̀lú páàdì tí kò tíì mọ iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kí n má di gbogbo ẹ̀bi ru mẹkáníìkì àti ọ̀dọ́. Ọjà tí a ti ń ra nǹkan náà ní ẹjọ́ í jẹ́. Lọ́dún 1965 ni ìwé eré onítàn Wọlé Ṣóyínká, The Road, jáde, nínú èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara àwọn ọkọ̀ tí ó ti fi orí gbárí. Ọ̀pọ̀ rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ẹ wọ Ládípọ̀ lónìí, ẹ wọ Owódé-Onírin, kí ẹ wo bóyá ẹ̀rín yóò tún pa yín. Kì í ṣe gbogbo àlòkù ni ó burú. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ lè sìn ọ́ fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n páàdì jẹ́ ohun tí a dá láti jẹ tán. Ẹni tí ó ra páàdì àlòkù ra ìyókù oúnjẹ ẹlòmíràn. Àjọ SON tí ó ń rí sí ojúlówó ọjà ń gbógun ti ayédèrú ẹ̀yà ara ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọjà náà kò dín kù, nítorí àwa tí ń rà á kò dín kù.

Ọ̀rọ̀ páàdì ní ìtàn tí ó yẹ kí a mọ̀. Ọkùnrin ará Ìlú Ọba kan, Herbert Frood, ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní 1897. Àwọn awakẹ̀kẹ́-ẹṣin àgbègbè rẹ̀ a máa so bàtà ògbólógbòó mọ́ igi ìjánu kí ó lè di ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mú bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè. Èyí ni ó rí tí ó fi ronú ohun tí ó dára ju bàtà lọ. Lẹ́tà orúkọ rẹ̀ ni wọ́n dà rú, tí wọ́n fi ẹyọ kan kún, tí ó di Ferodo. Bí àwọn oníṣẹ́ yìí ti ń tẹ̀ síwájú ni wọ́n fi asbẹ́sítọ́ọ̀sì kún un, ohun tí iná kì í jó, ṣùgbọ́n tí eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dè é pátápátá ní 1999. Ní ẹ̀gbẹ́ títì wa, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún a máa fi ẹnu fẹ́ eruku inú dúrọ́ọ̀mù jáde, láìbo imú, láìmọ ohun tí wọ́n fi po páàdì náà. Ọ̀rọ̀ yìí tó ìwé kan fún ara rẹ̀.

Mo mọ ìdáhùn tí yóò wá. Wọ́n á ní owó kò sí. Láti 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò, tí náírà sì já lulẹ̀, ohun gbogbo tí ń ti òkè òkun wá ti di ọ̀wọ́n. Ẹni tí kò tíì rí owó oúnjẹ, ṣé páàdì ni yóò rà? N kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí. Onídáńfó tí ó ní láti jíṣẹ́ owó fún ẹni tí ó ni ọkọ̀ lójoojúmọ́, tí àwọn ọmọ garéèjì tún ń gba tiwọn ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, kò ní ohun púpọ̀ lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́. Ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹni tí ó ni ọkọ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ju awakọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwa olówó oṣù tí a ń wa ọkọ̀ ara wa ńkọ́? Owó aṣọ ẹbí kan ṣoṣo, ẹ̀yin ará, ó tó ra páàdì ẹsẹ̀ iwájú lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ń wà. A ní owó gíláàsì dúdú, a ní owó sípíkà tí ń mì ilé aládùúgbò, a ní owó àkọlé tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ láti kéde pé ẹ̀jẹ̀ Jésù bò ó tàbí pé Ọlọ́run Ọba ni Alágbára. Owó páàdì nìkan ni kì í sí.

Àti pé, kí a má purọ́, kì í ṣe owó nìkan. Ìgbàgbọ́ wa náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. A ti pín ẹrù ìjánu fún àwọn tí kò sí nínú ọkọ̀: aráyé, ọ̀tá ilé, èṣù, Ògún tí ebi ajá ń pa. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń ṣe é, onígbàgbọ́ ń ṣe é, mùsùlùmí ń ṣe é. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ Ògún mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ ni, àti pé alágbẹ̀dẹ tòótọ́ kì í gbé àdá tí ó sán fún oníbàárà kí ó wá ní kí ó máa ṣọ́ra. Iṣẹ́ irin tí a ṣe yanjú ni ìbọ Ògún àkọ́kọ́. Mẹkáníìkì tí ó pa ajá lọ́dọọdún, tí ó sì ń dí ọ̀pá ìjánu pa, mo fẹ́ mọ òrìṣà tí ó ń bọ.

Ti àwọn ọkọ̀ ńlá ni ó bí mi nínú jù. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 2018, ọkọ̀ epo kan dà nítòsí afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, iná sì sọ. Ó kéré tán ènìyàn mẹ́sàn-án kú, ọkọ̀ tí ó jóná lé ní 50. Ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni pé ìjánu ni. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá òde òní, afẹ́fẹ́ ni a fi ń tẹ ìjánu, wọ́n sì ṣe é lọ́nà tí ó jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ bá jò tán, sípíríìnì líle yóò fúnra rẹ̀ ti ìjánu mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ọkọ̀ yóò sì dúró. Èrò yìí ti pẹ́. Láti 1872 ni George Westinghouse ti ṣe irú rẹ̀ fún ọkọ̀ ojú irin, pé kí àdánù afẹ́fẹ́ di ìdúró, kí ó má di ìsálọ. Nígbà tí a bá wá gbọ́ pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sá lọ nítorí pé ìjánu rẹ̀ kùnà, ohun tí ó yẹ kí a fura sí ni bàtà ìjánu tí ó ti jẹ tán, dúrọ́ọ̀mù tí ó gbóná kọjá ààlà, ẹrù tí ó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, àtúnṣe tí ẹnì kan kọ̀ láti ṣe. Gbogbo rẹ̀ ni ó ní orúkọ ènìyàn lẹ́yìn.

Wọlé Ṣóyínká tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà ni ó jẹ́ alága àkọ́kọ́ fún Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988. Nínú àkọsílẹ̀ tí àjọ náà ń gbé jáde, eré àsápajúdé ni ó máa ń gba iwájú nínú ohun tí ń fa ìjàǹbá, ìkùnà ìjánu sì ní òpó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mo fara mọ́ òpó ti àkọ́kọ́. Òpó kejì ni mo fẹ́ kí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́: páàdì tí ó tán, ọ́ìlì tí ó ti gbó, ọ̀pá tí a dí, ayédèrú. Ìpínlẹ̀ Èkó ní àwọn ibùdó àyẹ̀wò tí ó ní ẹ̀rọ tí ó lè wọn agbára ìjánu ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìdí tí ọkọ̀ kan yóò fi gba ìwé pé ó yẹ fún ojú títì láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gun ẹ̀rọ náà. Ta ni nínú wa tí kò mọ ẹni tí ó fi owó rán abániṣe, tí ìwé náà sì bá a nílé?

Ní ti àwọn akọ̀ròyìn, ẹ̀bẹ̀ mi sí wọn kò ju pé kí wọ́n béèrè ìbéèrè mẹ́ta sí i níbi ìjàǹbá. Ta ni ó ni ọkọ̀ náà? Ọjọ́ wo ni wọ́n pààrọ̀ páàdì rẹ̀ gbẹ̀yìn, ta ni ó sì pààrọ̀ rẹ̀? Ìwé àyẹ̀wò rẹ̀, ta ni ó fọwọ́ sí i? Bí ìdáhùn kò bá sí, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ẹni tí ó ni ọkọ̀ kò lè dáhùn, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń kọ ìjánu.